Ìgbẹ́ Gbuuru Wọ Ilé Orogún

Ọmọ Ṣìkẹ́mi, ìyàwó kékeré, ni ìgbẹ́ gbuuru kọ́kọ́ mú nílé Kọ́lájọ apẹja, ní Molutehin. Ó yàgbẹ́ díẹ̀, ó bì díẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ó tún ń rá kiri lórí pákó ilé orí omi náà pẹ̀lú Òkìkí, ọmọ ìyáálé. Kò pẹ́ ni Òkìkí náà bẹ̀rẹ̀. Tirẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Omi lásán ló ń yà, ojú rẹ̀ sì ti jìn wọnú.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Àrìnpé, ìyá Òkìkí àti Adétutù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń wí. Ṣìkẹ́mi ti bọ́ àìsàn kúrò lára ọmọ tirẹ̀, ó ti gbé e wọ ọmọ orogún. Kí ni kò tíì gbà lọ́wọ́ òun? Ó gba ọkọ, ó gba ẹja tó sanra jù nínú àwọ̀n. Owú ń jẹ Àrìnpé, kò sì fi bò.

Ṣìkẹ́mi gbé ife omi wá, ó kúnlẹ̀.

"Ìyáálé mi, iyọ̀ àti ṣúgà ni mo pò mọ́ omi sísè. Nọ́ọ̀sì ní fáírọ́ọ̀sì ni, ọwọ́ làwọn ọmọ fi ń kó o ran ara wọn. Omi tó ń tán lára ọmọ ló ń pa ọmọ."

"Kí ló dé tí kò pa tìẹ?"

"Àjẹsára tí wọ́n kán sí i lẹ́nu ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má fọwọ́ kan Òkìkí."

Àrìnpé gba ife náà, ó dà á sódò lójú rẹ̀.

Ṣìkẹ́mi kò gbé ife wá mọ́. Lójú Àrìnpé, ẹ̀rí nìyẹn: ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ kì í tètè ṣíwọ́.

Omi tí Mabel ń fi ọkọ̀ gbé kiri tà nìkan ni Àrìnpé fọkàn tán. Mabel yọ kẹ́ẹ̀gì kékeré kan lọ́tọ̀ fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Àrìnpé tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ wà níbẹ̀."

"Ìye Adétutù, omi ibo ni kò níyọ̀ níbí, látìgbà tí ilé iṣẹ́ epo ti la ọ̀nà fún òkun wọnú odò wa?"

Òótọ́ ni. Àrìnpé ń fi ṣíbí bu ú sọ́mọ lẹ́nu, Mabel ń mú tuntun wá. Nígbà tó yá, Òkìkí tọ̀, ó sunkún tòun tomijé, ó sì fa ọmú.

Àrìnpé kò jẹ́ kí ayọ̀ náà tutù kó tó kọjú sí ọkọ rẹ̀. Ìyàwó kò fọwọ́ kan ọmọ òun mọ́, ara ọmọ òun sì yá. Ẹ̀rí wo ló tún ń fẹ́? Kọ́lájọ kò fẹ́ ariwo. Ó gbé Ṣìkẹ́mi àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Etikan, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Ṣìkẹ́mi tó jẹ́ tíṣà. Àrìnpé dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ wọn fi yà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Adétutù, àkọ́bí rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ sí bì, tó sì ń ya omi. Àrìnpé kò fòyà. Ó ké sí Mabel pé kó mú irú omi Òkìkí wá, kó pọ̀ díẹ̀.

Mabel dá àjẹ̀ dúró, ó ní, "Ìye Adétutù, ta ni yóò pò ó, nígbà tẹ́ ẹ ti lé Ṣìkẹ́mi lọ?"