Ṣúmékà Tó Fo Àárín Ìwé

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má fo ìlà kankan o. Ẹ máa rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

1.
Ṣúmékà kan wà tí ojú ìyàwó rẹ̀ fọ́ nígbà tí wọ́n ti ń darúgbó. Ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ọ̀nà jíjìn ra ìwé ńlá mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn. Ìtàn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ: ilé ayé ti bà jẹ́, àwọn èèyàn wá wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń wá ayé tuntun kiri láàárín ìràwọ̀.

Nírọ̀lẹ́, tí ṣúmékà bá ti gbé òòlù àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀, á jókòó ti ìyàwó rẹ̀, á máa ka ìwé sókè. Ìwé kìíní dùn gan-an. Ogun ni, ọ̀tẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì á máa pariwo bí ọmọdé.

2.
Ìwé kejì ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí ìwé àárín ṣe máa ń rí: wọn ò tíì débi tí wọ́n ń lọ, wọn ò sì lè padà sílé mọ́. Ọkọ̀ ṣáà ń lọ nínú òkùnkùn. Ìyá àgbà kan ń tọ́jú irúgbìn nísàlẹ̀ ọkọ̀ náà, níbi tí iná kì í dé. Ọwọ́ ló fi ń dá wọn mọ̀.

"Tún ibẹ̀ kà," ni ìyàwó máa ń sọ. "Mo fẹ́ràn ìyá yẹn. Ó jọ mí."

Ó sú ṣúmékà. Kí ló kan irúgbìn nígbà tí ogun ń bọ̀? Bó bá ti rí ìyá àgbà níwájú, á rọra ṣí ojú ìwé bíi mélòó kan papọ̀. Ìwé kẹta ló ń sáré lọ bá.

"Ìyá yẹn ńkọ́?"

"Ó ń sùn."

Àbí ẹ ò rí òǹkọ̀wé tuntun!

3.
Wọ́n dé ìparí ìwé kejì. Gbogbo èrò ọkọ̀ ń sunkún. Ìyá àgbà ti kú. Omi tó yẹ kó mu ló ti ń bu fún irúgbìn, títí òùngbẹ fi pa á.

Ìyàwó gbọ́wọ́ sókè. "Dúró. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi rẹ̀ fún wọn?"

"Ó ti pẹ́."

"O ò kà á fún mi."

"O ti gbàgbé ni."

"Ojú mi ló fọ́, Bàbá ọmọ mi. Etí mi ò di."

Ọkùnrin náà ń ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ tún sọ̀rọ̀.

"Fọ́tò ọmọ-ọmọ wa tó wọ orí fóònù lánàá. O ní ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ó ń rẹ́rìn-ín! Mo fi Ọlọ́run búra."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

4.
Ṣúmékà bẹ ìyàwó rẹ̀ títí. Ó ní òun á padà ka gbogbo ohun tóun fò. "Ìyá yẹn ti kú," ni ìyàwó dá a lóhùn. "Má ṣèyọnu."

Nísinsìnyí, tí ṣúmékà bá ní òjò ti ṣú, ìyàwó á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta fèrèsé. Tó bá ní tíì gbóná, á fi ìka kàn án wò. Kò bá a jà rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dun ọkùnrin náà.

Tí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, obìnrin náà á fọwọ́ tọ ògiri wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Ṣúmékà á wà lórí àpótí láàárín bàtà oníbàtà, á máa ka ìwé kẹta sókè sí ilẹ̀kùn náà. Kì í fo ọ̀rọ̀ kan. Tó bá débi tó dùn, á dúró kí ìyàwó rẹ̀ lè pariwo. Kò sẹ́ni tó ń pariwo.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń fi ojú yín ríran, ẹ má fo nǹkan kan fún un. Ibi tó sú yín lè jẹ́ ibi tóun ń gbé. Ẹ má sọ pé kò ní mọ̀.

Ìwọ tó o sì fo àárín ìtàn yìí wá síbí, mo rí ẹ. Padà lọ kà á.