Ojú Tí Kò Ṣàjèjì

Ìgbà kẹtàlá nìyí tí Ìyáàfin Fẹ́yìsayọ̀ máa gun àtẹ̀gùn kóòtù ní Àkúrẹ́ nítorí ẹjọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́ẹ̀kan adájọ́ kò wá, lẹ́ẹ̀kan iná kò sí, lẹ́ẹ̀mejì àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Orúnkún ń dùn ún. Gbogbo rẹ̀ ti sú u. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí wọ́n dá ẹjọ́ náà, kó lè padà sílé lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọkùnrin kan wọ ilé wọn ní Isikan. Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ bàbá, ó tì í lulẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó sá lọ. Bàbá kò lè dá rìn mọ́ látọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà kò sì já geere mọ́. Ìyá ń ti ilé ìdáná bọ̀ nígbà tí olè náà sáré kọjá. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Reuben ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ti kó àwọn gẹ́ńdé kan ní gáréèjì, ọ̀kan nínú wọn sì jọ ẹni tí ìyá ṣàpèjúwe. Wọ́n to ọkùnrin mẹ́sàn-án sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mẹ́jọ wolẹ̀. Ẹyọ kan ló wo ìyá, ó tẹrí ba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.  Ìyá rìn lọ bá a tààrà, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ṣé ó dá yín lójú, mà?" Reuben béèrè.

"Ojú yìí kò ṣàjèjì sí mi rárá."

Ọmọkùnrin náà la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Reuben ní kó pa á mọ́. Akínkúnmi ni orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́rìí gbè é. Yétúndé, tó ń ra kòkó ní Oǹdó, ní ọ̀dọ̀ òun ló wà lọ́jọ́ náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó ń gbé àpò kòkó sórí ìwọ̀n.

"Ṣé ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan?" lọ́yà ìjọba bi í.

"Ta ló ń kọ orúkọ ẹni tó ń gbé àpò?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín.

Lónìí, wọ́n tún pe ìyá padà sínú àpótí ẹlẹ́rìí, kí lọ́yà Akínkúnmi lè bi í ní ìbéèrè.

"Báwo lẹ ṣe wò ó pẹ́ tó lọ́jọ́ náà, mà?"

"Kò ju ìgbà téèyàn fi lè ka ení, èjì, ẹ̀ta."

"Ẹ sì dá a mọ̀?"

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, ní Ọ̀wọ̀, ní Oǹdó, àti níbí. Mi ò kì í gbàgbé ojú."

"Ẹ ti ṣì í mú, mà!" Lọ́yà ti ń pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jágbe mọ́ wọn." Akínkúnmi ló sọ̀rọ̀, láti ibi tó dúró sí. Lọ́yà yíjú sí i, ó fi ìka kan ètè.

Inú bí ìyá. Ta ló bẹ̀ ẹ́ ní ìwà pẹ̀lẹ́? Ó tún un wò dáadáa, ó wá iyèméjì nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó ti rí ojú yìí rí. Ìyẹn dá a lójú bí orúkọ ara rẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, adájọ́ ka ìdájọ́. Ó ní ọ̀gá tó fẹ́ràn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni Yétúndé, kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà, ohun tó fojú rí ló sọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún. Yétúndé ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Ìyá ti rò pé ara òun máa fúyẹ́ tó bá dọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń retí takisí. Àwọn wọ́dà mú Akínkúnmi kọjá lọ síbi ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò jẹ́.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Lọ́yà mi ló ní mi ò gbọdọ̀ sọ ní kóòtù pé a mọra tẹ́lẹ̀, pé ńṣe ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín túbọ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí wọ́n á ní ẹni tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè ṣì yín mú lójú."

Ìyá ní, "Ibo la ti mọra?"

"Silas ni mí, mà, orúkọ tí mò ń jẹ́ nígbà tí ẹ kọ́ mi ní Pírámárì Fáìfù, ní Oǹdó. Lọ́jọ́ tí wọ́n tò wá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, bí mo ṣe rí i pé tíṣà mi ló wọlé, ọkàn mi balẹ̀, mo ní ẹ máa dá mi mọ̀."