Ihò Ẹlẹ́nu Kan

Àlọ́ mi já wàlàwàlà, ó já sẹ́nu ihò Òkété.

Odídẹrẹ́ ní ń ròyìn igbó fún un. Tó bá ròyìn ẹyìn tó pọ́n, Òkété a fún un jẹ nínú tirẹ̀. Tó bá ròyìn ohun mìíràn, ọwọ́ òfo ni yóò bá lọ. Ni Odídẹrẹ́ bá sọ ọ́ di orin:

"Kí ló kúnnú igbó?"
*Ẹyìn ni, ẹyìn nìkan.*

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ dáná sungbó. Orin yẹn náà ni Odídẹrẹ́ ń kọ títí èéfín fi wọ ihò.

"Odídẹrẹ́, o ríná, o ò sọ?"

"Ìgbà wo lo fún mi lóhun jẹ nítorí iná?"

Òkété kọjú sí ògiri ihò. Ó ń gbẹ́lẹ̀, ó ń húkọ́, ó ń gbẹ́lẹ̀, títí ó fi yọ sí òdìkejì.

Látìgbà náà nihò rẹ̀ ti lẹ́nu méjì: ọ̀kan fún orin Odídẹrẹ́, ìkejì fún ojú ara rẹ̀.