Fọ́tò Tí Chizuru Yà Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà ni Chizuru wa mọ́tò rẹ̀ wá láti Osaka, ohun tó sì kọ́kọ́ mú kí ara fu bàbá rẹ̀, Tokuji, nìyẹn. Ọmọ tí kì í yọjú sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Shimane àfi lọ́dún tuntun àti nígbà ọdún àwọn òkú, kí ló ń wá láàárín ọ̀sẹ̀? Ó ní wọ́n fún òun nísinmi níbi iṣẹ́, òun sì fẹ́ gbé àwọn òbí òun lọ wo àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà etíkun.

"Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kẹ̀?" ni Tokuji wí. "Ṣé mo ti gbó tó kí wọ́n lọ gbé mi síbẹ̀ ni?"

"Ẹ wọ kóòtù yín tó dáa, Bàbá," ni Chizuru dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Fusae, ìyàwó Tokuji, ti múra tán. Kimono aláwọ̀ eérú tó wọ̀ níjọ́ ìgbéyàwó Chizuru ló wọ̀. Tokuji wò ó títí. Ta ló ń wọ irú aṣọ yẹn lọ wo ohun àtijọ́?

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lóṣù tó kọjá, òun àti Fusae jọ lọ ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fáwọn àgbà ìlú. Wọ́n jọ mu oògùn funfun tó dà bí ẹfun pípò, wọ́n jọ ya fọ́tò inú. Nígbà tí èsì dé, dókítà kò wo Tokuji lójú dáadáa. Ó ní, "Bàbá, ara yín le koko," ó wá ní kí Fusae dúró díẹ̀, pé ìwé kan kù tó máa fọwọ́ sí. Ìwé ọ̀hún gba odidi ààbọ̀ wákàtí.

Lọ́dọ̀ wa ní Shimane nígbà yẹn, wọn kì í sọ fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ pé ó ní i. Àwọn ará ilé ni wọ́n ń sọ fún. Ẹ̀gbọ́n Tokuji kú láìmọ̀, ọgbẹ́ inú lásán ló pè é títí dópin. Gbogbo ilé mọ̀. Tokuji náà mọ̀, kò sì lanu. Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ wẹ̀ níbi ìsun omi gbígbóná, wọ́n fún un lóúnjẹ tó dùn, wọ́n yà á ní fọ́tò. Inú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò yẹn ni wọ́n ti gé èyí tí wọ́n gbé síwájú pósí rẹ̀.

Nílé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́, níbi táwọn baba ńlá ti ń yọ́ irin, ẹwìrì kan wà tó tó yàrá. Chizuru kò yà á ní fọ́tò. Ó kó àwọn òbí rẹ̀ lọ síwájú ògiri funfun.

"Bàbá, ẹ sún mọ́ Màmá. Ẹ gbójú sókè."

"Ẹwìrì yẹn ńkọ́?"

"Ẹwìrì ò sá lọ síbì kankan, Bàbá."

Ta ló wá ń sá lọ? Tokuji sún mọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ibi kejì jẹ́ ilé àgbẹ̀ àtijọ́, ìkòkò ìrẹsì ṣì wà lórí ààrò. Fusae fọwọ́ kàn án.

"Bàbá Chizuru, béèyàn bá wọn ìrẹsì ife méjì, omi ife mélòó ló máa fi sí i?"

"Ṣé èmi ni mò ń sè é ni?"

"Áà! Ọdún méjìlélógójì, ẹ ò mọ omi ìrẹsì! Méjì àti ààbọ̀ ni o. Méjì àti ààbọ̀." Ó rẹ́rìn-ín.

Chizuru sáré lọ sílé ìtọ̀. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní eruku ni.

Lọ́sàn-án, wọ́n jẹ soba, irú núdù kan. Fusae kó edé tó wà nínú abọ́ rẹ̀ sínú ti ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ ẹ́, mo ti yó." Bí wọ́n ṣe ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyí, ni Tokuji rò.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bébà, Fusae jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó ní òun fẹ́ wo òkun. Tokuji dúró tí ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi tí wọ́n fi ń ṣe bébà.

"Má purọ́ fún mi, Chizuru. Oṣù mélòó ni dókítà dá?"

Chizuru sọ kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ojú mi ò fọ́."

"Mẹ́ta. Bó pẹ́ títí, mẹ́rin." Ó bú sẹ́kún. "Màmá ló fipá mú dókítà sọ ọ́, àwọn ló sì ní ká má sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ ò ní lè gbà á."

Ẹ̀rù ba Tokuji. Lẹ́yìn náà, inú bí i. Lẹ́yìn náà ó rí ẹ̀yìn Fusae látojú fèrèsé, ó sì ń rò ó pé ta ló máa bá a kó yìnyín orí òrùlé nígbà òtútù.

"Má sọ fún un pé mo ti mọ̀," ló wí. "Jẹ́ kó gbádùn ọjọ́ òní."

Ilé iná funfun tó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ni wọ́n fi kádìí ẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nínú fíìmù. Tokuji di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ èyí ni wọ́n máa gbé síwájú òkú òun, kó má ṣe jẹ́ ti ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Àmọ́ ojú Fusae ti rẹ̀wẹ̀sì, Tokuji kò sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò. Ó rọra sọ sí i létí.

"Ìyá Chizuru, ìrẹsì ife méjì, omi ife mẹ́rìnlá, àbí?"

"Ṣé odò lẹ fẹ́ sè ni!" Fusae sọ orí sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín, kámẹ́rà sì dún.

Nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí oṣù mẹ́rin tí dókítà dá pé, Tokuji jókòó níwájú gbogbo èèyàn nínú kóòtù kan náà, ó ń wo fọ́tò tí wọ́n gbé sáàárín òdòdó níwájú pósí: Fusae nínú kimono aláwọ̀ eérú, tó ń rẹ́rìn-ín gidi, àti èjìká Tokuji díẹ̀ létí fọ́tò, níbi tí àlùmọ́gàjí kò ti lè gé e kúrò.