Òróró Ìdúpẹ́ Nínú Ẹ̀rọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínjídé

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ ka ìtàn yìí tán, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá níbi iṣẹ́, torí ẹ̀yin gan-an la ń bá wí.

1.

Ní ilé ìwádìí kan lápá Karu, ní Àbújá, ọmọbìnrin Ìlọrin kan wà tó ń jẹ́ Hanifah. Orozo ló ń gbé. Ọdún méjì gbáko ló fi ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kó lè ṣiṣẹ́ kí ẹsẹ̀ èrò tó máa ru eruku sókè. Awọ kan tó fẹ́lẹ́ ló ń ṣe. Bí ẹ bá la fọ́nrán irun kan sí ọ̀nà ẹgbàárùn-ún, ìpín kan ṣoṣo ni awọ yìí nípọn tó. Òun ni wọ́n fẹ́ kó máa sé iná mọ́ inú fóònù kí ó má baà máa jò dànù. Oyè ọ̀mọ̀wé tí Hanifah ń lé, orí awọ yìí ló dúró lé.

Ẹ̀rọ tó fi ń ṣe é dà bí ìkòkò irin ńlá, tí wọ́n máa ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Àwọn ará Jámánì kan ló fi yá ilé ìwádìí náà. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kan inú rẹ̀. Òógùn ìka nìkan ti tó láti bà á jẹ́.

2.

Nígbà tí wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínjídé ṣe olùdarí ilé ìwádìí náà, ó ní inú yàrá ẹ̀rọ ni òun ti máa dúpẹ́. Ó pe pásítọ̀ rẹ̀, ó pe ayàwòrán àti àwọn àlejò, ó sì ní kí wọ́n ṣí ìkòkò náà, kí wọ́n ta òróró sí i.

Pásítọ̀ Festus dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá, ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́? Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà láti ibí tí mo dúró sí yìí náà."

Hanifah kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣí i. Òróró kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀."

"Kai! Ta ló bi ọ́?" Akínjídé rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. "Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí, ẹ ò ní jẹ́ ká yọ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọ́n fi ọmọlọ́mọ rín! Akínjídé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìdérí, ó di ọwọ́ pásítọ̀ mú pẹ̀lú ìgò òróró, ó sì ti ọwọ́ náà wọ inú ìkòkò. Ẹ̀kán òróró kan péré ló kán sínú rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò.

3.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo awọ tó ń jáde ń jẹ́ kí iná kọjá fàlàlà. Hanifah tún yẹ àwọn èyí tó ti ṣe ṣáájú ìdúpẹ́ wò. Wọn kò jò rárá. Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

"Sà, òróró yẹn ni. Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta, kí n tú ìkòkò yẹn, kí n fọ̀ ọ́ mọ́."

Akínjídé tẹjú mọ́ ìwé àbájáde tó kó wá. "Ṣé o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ṣá? Kò sí awọ tó ń gbé iná báyìí láyé yìí! Àwárí nìyí!"

"Sà, ìdọ̀tí ni."

"Ẹnu ẹ ni ìdọ̀tí! Kó kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn sílẹ̀ níbí."

Ẹ gbọ́ o. Ó mọ̀. Gbogbo àbájáde awọ àtijọ́ ló yọ kúrò nínú ìwé náà, orúkọ Hanifah sì bá wọn lọ. Ó kọ orúkọ tirẹ̀ nìkan, ó gbé ìwé jáde, ó sì ń yan kiri lórí tẹlifíṣọ̀n.

4.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn ará Jámánì dé láti wo àwárí ńlá yìí. Obìnrin kan nínú wọn wọ ìbọ̀wọ́, ó fi òwú funfun nu inú ìkòkò, ó gbé òwú náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ le.

"Òróró ólífì ni. Ta ló dà á síbẹ̀?"

Akínjídé na ìka sí Hanifah, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọbìnrin yìí ni. Aláìbìkítà ni. Mo ti ń kìlọ̀ fún un tipẹ́."

Ìkà wo ló ju èyí lọ? Ẹni tó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ló fẹ́ fi bo ìdí ara rẹ̀!

Hanifah kò jà, kò sì sunkún. Ó kàn nawọ́ sí ògiri tó wà lẹ́yìn ọ̀gá. Fọ́tò ọjọ́ ìdúpẹ́ ló wà níbẹ̀, ńlá, nínú férémù wúrà tí Akínjídé fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbé kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ pásítọ̀ mú nínú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọbìnrin kan wà lórí ìkúnlẹ̀.

Wọ́n pe Pásítọ̀ Festus lórí fóònù. "Ọwọ́ mi ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kìlọ̀. Gbogbo wa la gbọ́. Ojú ń tì mí."

5.

Wọ́n fa ìwé náà padà. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Akínjídé, àwọn tó bá a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí kò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Àmọ́ àwọn ará Jámánì kó ẹ̀rọ wọn sínú àpótí pákó, wọ́n gbé e lọ.

Hanifah ńkọ́? Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kwali. Awọ méjìdínlógún tó dára, tó ṣe ṣáájú òróró yẹn, wà nínú àpótí kékeré kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ogún ni wọ́n ní kó kó kalẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀; ó ku méjì péré kí iṣẹ́ rẹ̀ pé. Kò sí ẹ̀rọ mọ́ ní gbogbo Àbújá tó lè fi ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí. Àdúrà kò ba ẹ̀rọ jẹ́. Ìgbéraga ló bà á jẹ́, irọ́ ló sì sin ín. Bí ẹni tó kéré sí yín bá kúnlẹ̀ tó ní "ẹ má ṣe é", ẹ dúró, ẹ bi í léèrè ìdí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.