Owó Iṣẹ́ Abẹ Màmá Ti Pé

Màmá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò jẹun, kò lo oògùn. "Níbo lẹ ti fẹ́ rówó iṣẹ́ abẹ? Ẹ jẹ́ n máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi."

Ni mo bá gbé ápù tí wọ́n fi ń ṣọ́ owó sórí fóònù rẹ̀. Mo ní ápù náà ò lè so mọ́ báńkì wa, ọwọ́ la máa fi tẹ gbogbo ẹ̀.

Mo tẹ orúkọ báńkì. Mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì. Mo tẹ iye tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ló béèrè oúnjẹ.

Bí mo bá ti kúrò níbi tí mo ti ń kun mọ́tò, mo máa ń wá fi díẹ̀ kún iye náà. Àná ló pé.

"Àwọn aláàánú kan wá láàárọ̀ yìí," Màmá ní. "Wọ́n fẹ́ sanwó iṣẹ́ abẹ fún ẹnì kan. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bá."

Ayọ̀ gbé mi dìde. "Kí lẹ wí, Màmá?"

"Mo fi fóònù hàn wọ́n. Mo ní ọmọ mi ti ṣe tèmi pé pérépéré."

Ó nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó ti ṣófo.

"Ìyá yẹn ni mo ní kí wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìgbà wo wá ni tèmi?"

Ẹ gbà mí o.

Ohunkóhun téèyàn bá tẹ̀ ni ápù yẹn ń gbé jáde.

Kò sí eépìnnì ní báńkì kankan.

Mo kàn fẹ́ kó jẹun ni.