Màmá Ò Dí Wa Lọ́wọ́ Lónìí

Smaranda tún fò dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀karùn-ún láàárọ̀ yìí.

Ó sáré yọjú sí yàrá ìyá rẹ̀, ó sáré padà.

"Smaranda, ẹ̀gún ń bẹ lórí àga ẹ ni?" Horia, ọ̀gá rẹ̀ ní ìlú Iași, ló ń jágbe látinú kọ̀ǹpútà níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo ti dé."

"Kóòtù òtútù tó o wọ̀ nínú ilé ńkọ́?"

"Fèrèsé ló ṣí, ọ̀gá."

"Nínú yìnyín yìí? Tì í!"

Kò tì í.

"Gbogbo yín, ẹ túra ká! Ọ̀yàyà la fi ń ṣiṣẹ́ nílé. Ẹni tó bá sì tún tọrọ àyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù yìí, kó má wulẹ̀ padà."

Smaranda rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá rọ̀ díẹ̀. "O ṣe dáadáa lónìí. Màmá ẹ ò gbé ọbẹ̀ adìẹ kọjá níwájú wa bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìkìlọ̀ mi ti wọ̀ wọ́n létí."

"Ó ti wọ̀ wọ́n létí, ọ̀gá."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sáré wọ yàrá ìyá rẹ̀ tó tutù nini.

Àbẹ́là ti ń jó lọ sópin. Lásà wọn, iná ò gbọ́dọ̀ kú lọ́dọ̀ òkú kí wọ́n tó sin ín.

Ó tan òmíràn sí ìgbèrí pósí.

"Màmá, ọ̀gá mi ní ẹ ṣeun."